Lẹ́ǹsì àsúnmọ́wò: kì í mú nǹkan tóbi, ẹ̀yin lẹ ó sún mọ́ ọn

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí lẹ́ǹsì tó wà lórí rẹ̀, ó bi mí pé kí là ń pe èyí. Mo ní makíró, lẹ́ǹsì tí a fi ń ya ohun kékeré láti ìtòsí, ni àwa tó ń ya fótò ń pè é. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èdè wa kò tòṣì tó bẹ́ẹ̀, pé awò amóhuntóbi ni kí n máa pè é. Mo ní kó tún un wí, ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè díẹ̀. Ni ìyàwó rẹ̀ bá dá wa lóhùn láti ilé ìdáná pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wo la tún fẹ́ rà, ṣé èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ò pariwo tó ni.

Obìnrin náà ti bá mi dá ẹjọ́ yẹn. Etí ẹni tó bá gbọ́ "amóhun" ti sáré lọ sídìí amóhùnmáwòrán kó tó gbọ́ èyí tó kù. Ká tilẹ̀ wá ní ohun àti ohùn kò jọra rárá, irọ́ ṣì ni orúkọ náà ń pa. Lẹ́ǹsì yìí kì í mú nǹkan tóbi. Ohun tó ń mú nǹkan tóbi ni awò tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tàbí dígí kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há mọ́ ojú. Iṣẹ́ tiwa yìí ni pé kó gbé nǹkan kalẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, bó ṣe mọ, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Òun ni wọ́n ń kọ ní 1:1. Bí èso kọfí kan bá fẹ̀ tó mìlímítà 12, mìlímítà 12 náà ni yóò gbà lórí sẹ́ńsọ̀, kò ní lé, kò ní dín. Bí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá tó fi dà bí ọsàn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ìyẹn.

Àwọn mìíràn ń pè é ní lẹ́ǹsì kòkòrò, nítorí pé eṣinṣin ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Èmi ń fi tèmi ya ìlẹ̀kẹ̀, òrùka, òwú, ìtànná kọfí funfun tó máa ń yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àti ojú arúgbó. Kí ló kan kòkòrò nínú ìyẹn?

Èyí tó bí mi nínú jù ni "afàmọ́ra", torí òun ló ti jẹ mí lówó. Súùmù ló ń fa nǹkan mọ́ra. Ẹ dúró sójú kan, ẹ yí i, ọba tó wà ní òdìkejì pápá á wá síwájú yín, ẹsẹ̀ yín ò kúrò níbi tó wà. Àwọn tó ń ṣe súùmù mọ̀ pé a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n wá ń kọ "macro" sára èyí tí kò tọ́ sí. Ẹnì kan tà á fún mi bẹ́ẹ̀, lẹ́tà wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́ yí ọrùn rẹ̀ ká. Mo gbé e délé, mo gbé òrùka kalẹ̀ lórí tábìlì, òrùka náà rí bí ohun tí mo ń wò láti ilé ẹlòmíràn. 1:4 ni gbogbo agbára rẹ̀. Òrùka tó fẹ̀ tó mìlímítà 20 kò gbà ju 5 lọ lórí sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá ti fi "afàmọ́ra" sọ́kàn ni wọ́n ń fi irú èyí mú.

Nítorí náà, lẹ́ǹsì àsúnmọ́wò ni mo sọ ọ́, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe olùkọ́ díẹ̀. A- olóhùn àárín ló ń fi ẹni tàbí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ hàn: akọrin, apẹja, amúlétutù. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló sì máa ń fi ìṣe náà hàn, tàbí ohun tí ìṣe náà bí: àlàyé, àṣàrò, àkọsílẹ̀. Amúlétutù ń mú ilé tutù fúnra rẹ̀, ẹ kàn jókòó ni. Lẹ́ǹsì yìí kì í sún lọ síbì kankan, ẹ̀yin àti ẹsẹ̀ yín lẹ ó sún, ẹ ó sì wò. Ìyẹn ni kò ṣe jẹ́ "asúnmọ́wò". Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo bi í bóyá amúlétutù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Makíró fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ohun tó gùn tàbí tó tóbi ló ń tọ́ka sí, àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì gan-an ò sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní 1955, Heinz Kilfitt, ọmọ Jámánì, gbé Makro-Kilar mìlímítà 40 jáde (nọ́ńbà yìí ló ń fi bí lẹ́ǹsì ṣe ń ríran jìnnà tó hàn, kì í ṣe gígùn ara rẹ̀). Ọdún kejì rẹ̀, 1956, Nikon gbé tirẹ̀ dé, èyí tí wọ́n fi ń ya ojú ìwé sórí fíìmù wẹ́wẹ́, wọ́n sì pè é ní Micro-Nikkor. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, "Micro" ni Nikon ń kọ (MC ni wọ́n gé e kù sí lára àwọn tuntun), "Macro" ni Canon, Sony, Tamron àti Sigma ń kọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ọ̀kan ń pè é ní kékeré, èkejì ń pè é ní ńlá. Orúkọ tí àwọn onílé ò tíì rí parí lọ́dọ̀ ara wọn, èmi ni kí n lọ máa yá lò?

Ọ̀rọ̀ "lẹ́ǹsì" ní tirẹ̀, mi ò bá a jà. Àwọn kan fẹ́ kí a máa pè é ní awò. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù mi kí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé awò wá, awò ojú tí mo fi ń gun ọ̀kadà ni yóò gbé fún yín.

Ó yá, ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà kan jókòó sídìí òfì ní Bùnú. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko, tó ṣì wà lókèèrè, ìyá ti mọ̀ ọ́n nínú ìrìn rẹ̀, ó ti ń kí i. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Yóò na apá síwájú, yóò fa orí sẹ́yìn, yóò pa ojú kan dé, òwú á máa gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Bó bá gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú, gbogbo rẹ̀ di bàìbàì. Ó bá pe ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ gbé abẹ́rẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ó ti òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sá padà sídìí eré. Abẹ́rẹ́ ò tóbi sí i lọ́wọ́ ọmọ, ihò rẹ̀ ò fẹ̀. Ojú ọmọ ló lè sún mọ́ nǹkan kí nǹkan má ṣú. Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà yín jáde nínú páálí ni ìyá àgbà, àsúnmọ́wò ni ọmọ yẹn. Ọmọ kan náà, ẹ ní kó wo ojú ọ̀nà oko, yóò rí i kedere, ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì kan fi lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Túùbù ṣófo tí wọ́n ń há sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì, tí àwọn tí owó ò tíì tó ń lò, awò ìkàwé ni ó jẹ́ fún ìyá àgbà: ó ń rí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà oko mọ́ títí ẹ ó fi bọ́ ọ kúrò.

Ẹni tí orúkọ yìí bá yé ti mọ ìbéèrè tí yóò bi ẹni tó ń tà á: bí mo bá sún mọ́ ọn dé 1:1, àyè wo ló kù láàárín wa? Lórí mìlímítà 60, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ló kù láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti ohun tí ẹ ń yà. Labalábá ò ní dúró dè yín níbẹ̀, òjìji lẹ́ǹsì á sì bo òrùka mọ́lẹ̀. (Àwọn 50 kan ò tilẹ̀ kọjá 1:2.) Lórí 90 sí 105, ẹ ó rí bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15, ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọlé. Ti 180 lé ní 20, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, yàtọ̀ sí oyin kò sì sí ohun tí mò ń yà tí mo ní láti sá fún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i lára o. Bí wọ́n bá kọ 0.3m, orí sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Kámẹ́rà àti gígùn lẹ́ǹsì ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó kan òrùka. 

Ẹ má sì fi f/2.8 yangàn (f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá) bí ẹ bá ti dé 1:1. Ibi tó máa mọ́ nínú àwòrán níbẹ̀ kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Lórí f/11, ó fi díẹ̀ lé mìlímítà kan. Ara aṣọ ipò, aṣọ pupa Bùnú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àgbà, ni mo ti kọ́ ọ: òwú kan mọ́, èyí tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá di èéfín. Ìmọ́lẹ̀ náà á dín kù tó bíi sítọ́ọ̀pù méjì bí ẹ bá ti dé 1:1, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù, nítorí náà ẹ wá fíláàṣì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má wá torí èyí sáré lọ sí f/32, àwòrán ò ní ṣáápù mọ́. Ẹ pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe, èyí tó ń wá ibi tí àwòrán yóò ti mọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ máa fi ara sún síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àsúnmọ́wò náà nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ti ojú ènìyàn wá. Lẹ́ǹsì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré tí ẹ bá gbé sún mọ́ ojú á fa imú síwájú, á ti etí sẹ́yìn. 90 sí 105 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí kejì tí mo fi ní kí ẹ dúró síbẹ̀ nìyẹn. Láti 1979 tí Tamron ti gbé 90 f/2.5 jáde ni àwọn ènìyàn ti mọ lẹ́ǹsì yẹn mọ́ ojú ènìyàn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n mọ́ òdòdó. Òótọ́ ni pé 85 f/1.8 máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn di bàìbàì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ojú nìkan lẹ ń yà, ẹ ra ìyẹn, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Ṣùgbọ́n ẹ wá baba kan tó kọ ilà Yàgbà, ìlà gígùn mẹ́ta tó pàdé ní igun ẹnu, kí ẹ fi àsúnmọ́wò yà á nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Ẹ ó rí ibi tí abẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti kúrò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ yẹn náà ló máa sọ níwájú àlejò pé irun wà lágbọ̀n Màmá. Mo fi ya ìyàwó kan ní Ìyàrà, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gba fótò lọ́wọ́ mi, ó wo irorẹ́ tí oníkíkun ojú ti fi wákàtí kan bò, ó wo àtíkè tó kó sí ihò ara, ó ní, "Bọ̀dá, ta nìyí?" Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fi ya ìyàwó, mo máa ń ta aṣọ funfun sójú fèrèsé, mo máa ń jẹ́ kó kọjú síbẹ̀, mi ò sì ní fi ẹ̀rọ pọ́n àwòrán náà mọ́. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára púpọ̀ nínú wọn tó ń kọ̀ fún lẹ́ǹsì láti máa wá fókọ́ọ̀sì nítòsí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí lẹ́ǹsì á fi lọ tó sì bọ̀, tọkọtaya á ti gé kéèkì tán.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, bí èmi náà ṣe ra tèmi, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ wo bóyá èébu ti hù níbẹ̀. Kí ẹ sì mú rúlà dání. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn títí dé ibi tó bá ṣì ń mọ́ gbẹ̀yìn, ẹ yà á, kí ẹ ka mìlímítà tó wà láti etí dé etí àwòrán. Lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 36, 36 ni 1:1. Bó bá jẹ́ 72, ìdajì ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ dúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 144, ẹ bá a dá a padà sínú páálí rẹ̀, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lọ́rùn.