Ẹ má tíì ju fáàfù yẹn nù

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Márúwá gbé amplifáyà rédíò ńlá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbọ̀nà. Ó ń lo fáàfù, ìyẹn ìgò gíláàsì tó ń tàn bí gílóòbù, tó ń sọ agbára rédíò di ńlá. Òun àti awakọ̀ ni wọ́n jọ gbé e wọlé, nítorí tiransifọ́mà inú rẹ̀ wúwo bí ọlọ.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Wọ́n ní fáàfù rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ẹ bá mi wá òmíràn, sà."

"Ta ló sọ pé wọ́n ti kú?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ni. Ọ̀kan kì í tàn mọ́, èkejì ń tàn, ó ń kú."

Mo ní kó gbé e kalẹ̀ ná. Nínú gbogbo fáàfù tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé ó ti kú, èyí tó kú fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun mìíràn ló máa ń pa á. Bí ẹ kò bá sì wá nǹkan ọ̀hún rí, yóò pa èyí tí ẹ bá fi owó tuntun rà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ nípa irú rédíò tí amplifáyà yìí wà fún. Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò tí mò ń wí yìí ń gbèsì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì fún ní orúkọ ìpè, lè jókòó sí Oṣogbo kó máa bá ará Brazil tàbí Japan sọ̀rọ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìra káàdì. 5N ni a fi ń mọ ti Nàìjíríà. Rédíò náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní 100 wáàtì. Iṣẹ́ amplifáyà ni láti sọ 100 yẹn di 800 tàbí 1,000.

Ẹ má wá rò pé 1,000 wáàtì yóò dún ní ìlọ́po mẹ́wàá létí ẹni tó ń gbọ́ yín. Kí abẹ́rẹ́ mítà rédíò tirẹ̀ tó lè sún sókè ní ipele kan ṣoṣo, agbára yín gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 100 sí 400, ipele kan. Láti 400 sí 1,600, ipele kan sí i. Éríà tó dára, tí ẹ gbé sókè dáadáa, lè fún yín ní iye yẹn, yóò sì tún jẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ tiwọn. Ìmọ̀ràn mi sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ sórí éríà.

Inú fáàfù kò ṣòro láti mọ̀. Okùn kan wà láàárín rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná. Bó ṣe ń gbóná ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò kúrò lára rẹ̀, bí ooru ṣe ń jáde lójú omi tó ń hó. Ánóòdù ló yí wọn ká níta, ìyẹn irin tàbí gíráfáìtì tí a fún ní fólítì ńlá kó lè máa fà wọ́n mọ́ra. Láàárín àwọn méjèèjì ni asẹ́ kan wà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín ṣe. Bí ohùn yín bá fi díẹ̀ yí fólítì asẹ́ yìí padà, iye ohun tó ń kọjá sí ánóòdù yóò yí padà gidi. Ibẹ̀ ni agbára ti ń pọ̀ sí i. Fáàfù tí Fleming ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904 kò ní asẹ́. Lee de Forest ní Amẹ́ríkà ló fi asẹ́ sí i ní nǹkan bí 1906. Wọ́n ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, torí bí afẹ́fẹ́ bá kù níbẹ̀, okùn náà yóò jó dànù kíákíá.

Ooru ló wá di ọ̀tá. Nínú 1,000 wáàtì tó bá wọ ánóòdù, nǹkan bí 600 ló ń dé éríà. 400 yòókù di ooru. Ẹ fi ohun tí okùn inú fáàfù méjì ń jẹ kún un, nǹkan bí 145, ẹ ó rí i pé ìdajì áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ló ń jó nínú àpótí kan tí kò tóbi. Èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé wá ń lo fáàfù 3-500Z méjì. Iye wáàtì ooru tí ánóòdù fáàfù kan lè fara dà ni 500 tó wà nínú orúkọ rẹ̀, nítorí náà méjì fara da 1,000. Ẹ wá wo amplifáyà tó ń lo fáàfù irú 811A mẹ́rin, tí wọ́n kọ 800 wáàtì sí lójú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan 811A kò fara da ju 65 lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 260. Ṣùgbọ́n láti yọ 800 wáàtì jáde, ooru tó ń kù sínú wọn lé ní 500.

Kí ló dé tí wọn kò fi yọ́? Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìsinmi nínú. Èèyàn ń mí, ó ń dákẹ́, ohùn ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, ooru náà sì ń rí àyè jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sórí FT8, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí rédíò, tó ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá 13 gbé agbára sáfẹ́fẹ́ láìsinmi rárá, ẹ dín in kù sí 300 tàbí 400. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà torí 811A, ó pọ̀, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ná gbogbo àyè tó wà níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.

Mo ṣí ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Eruku ọyẹ́ ti di mọ́ ẹ̀yà fáànù bí òwú, epo inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Bí mo ṣe fi ìka yí i, ó yí díẹ̀, ó dúró. Mo yọ fáàfù tí kì í tàn mọ́, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ iná. Ẹsẹ̀ 3-500Z jẹ́ ihò bíi fèrè. Wáyà láti inú gíláàsì ló wọnú rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ méjì ti yọ́ dànù. Ẹ̀kán rẹ̀ kan ṣì wà nísàlẹ̀ sókẹ́ẹ̀tì, ó dì bí omijé. Mo fi mítà kan wáyà inú ihò náà fúnra rẹ̀: okùn rẹ̀ kò já. Gíláàsì rẹ̀ mọ́, kò ní ojú funfun, èyí tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò tíì wọ inú rẹ̀. Fáàfù náà yè.

Okùn yẹn ń gba nǹkan bí 14.5 áḿpù ní 5 fólítì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dẹ̀ díẹ̀ nínú sókẹ́ẹ̀tì, tí ìdènà bíńtín tó jẹ́ 0.05 ohm wá wà níbẹ̀, wáàtì mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni yóò máa di ooru lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an. Sókẹ́ẹ̀tì náà á túbọ̀ dẹ̀, ooru á túbọ̀ pọ̀, lẹ́ẹ̀dì á yọ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Fáànù ló kọ́kọ́ kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná ilé wa. Àwọn tó ṣe fáàfù yìí fẹ́ kí 5 fólítì rẹ̀ má yẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn láti 4.75 dé 5.25. Bí amplifáyà bá wà fún 230, tí iná ilé wá wálẹ̀ sí 180, okùn náà ń gba 3.9 péré, ohùn yín á máa fọ́, ẹ ó sì rò pé fáàfù ti gbó. Bí ó bá gòkè sí 255, ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ẹ ń ná. Ẹ lo sitabiláísà tó lágbára tó, kí ẹ sì wọn fólítì lójú ẹsẹ̀ fáàfù gan-an, ẹ má wọ̀n ọ́n lójú tiransifọ́mà.

Oṣogbo, ìlú wa yìí, ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sì ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀. 60 ni ti Amẹ́ríkà. Tiransifọ́mà tí wọ́n wé fún 60 nìkan, bí ẹ bá gbé e sórí 50 ní fólítì kan náà, irin inú rẹ̀ á ru ẹrù tó fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá. Á máa kùn, á máa gbóná láìtíì sọ̀rọ̀ kankan. Kí ẹ tó sanwó ọjà tókúnbọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ ni ti fólítì ńlá. Ohun tó wà nínú àpótí yìí lè tó 3,000. Ká ní kápásítọ̀ mẹ́jọ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́), 200 màíkírófárádì lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 25, pẹ̀lú résísítọ̀ 100,000 ohm lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti máa fa iná wọn gbẹ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ lára iná. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó lé ní 1,000 fólítì ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Bí ọ̀kan nínú àwọn résísítọ̀ yẹn bá ti já, kápásítọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè di iná mú fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà iwájú ẹ̀rọ. Igi gbígbẹ gígùn ni mò ń lò, tí mo dè wáyà tó nípọn mọ́ lórí, mo so ìdí wáyà náà mọ́ ara irin ẹ̀rọ kí n tó fi kan ohunkóhun. Ọwọ́ kan nínú iṣẹ́, ọwọ́ kejì lẹ́yìn. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ má ṣí i níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tí fólítì ńlá ń gbà lọ sí ánóòdù. Ó yẹ kí résísítọ̀ oníwáyà kan wà níbẹ̀, bí 10 sí 50 ohm. Bí iná bá fò nínú fáàfù lójijì, òun ni kì í jẹ́ kí gbogbo ẹrù kápásítọ̀ dà lé asẹ́ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí, ẹ fi sí i. Nǹkan kékeré ni.

Yíyí amplifáyà bá éríà mu ní ọ̀nà tí kò tọ́ náà ń pa fáàfù. Bọ́tìnnì méjì ló wà, ọ̀kan fún ánóòdù, ọ̀kan fún ẹrù éríà. Ẹni tó bá fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fúyẹ́ jù, tó sì fi gbogbo 100 wáàtì rédíò tì í lẹ́yìn, asẹ́ ló ń sun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀, ẹ yí méjèèjì títí mítà àbájáde yóò fi ga jù, kí ẹ tó fi kún un. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kí ẹ tó jẹ́ kó sinmi. Ánóòdù 3-500Z tó bá pọ́n díẹ̀ kò burú. Ohun tí wọ́n fi pa á lára nílò ooru yẹn kó lè máa gbé afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́ kù nínú fáàfù mì.

Àti ọmọńlé. Ó fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lóru òjò. Mo ti bá òkú rẹ̀ láàárín ewé kápásítọ̀ oníyíyí rí, ibi tó kú sí ti dúdú bí èédú. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo gbogbo ihò tó lè gbà wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má dí ojú fáànù.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ẹsẹ̀ fáàfù méjèèjì, mo fún ojú sókẹ́ẹ̀tì pọ̀, mo pààrọ̀ fáànù. Mo jẹ́ kí okùn wọn nìkan tàn fún wákàtí mélòó kan kí n tó fún wọn ní fólítì ńlá. Mítà ka 5.02. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó wo iná pupa inú wọn, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti fún ẹnì kan lówó kó bá mi ra méjì láti òkè òkun."

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Kó má kàn tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn fún ọdún mẹ́wàá, torí afẹ́fẹ́ ń rọra jò wọ inú fáàfù tó bá jókòó lásán. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kó máa pààrọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn ti àtijọ́, kó fi wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan tàbí méjì, kó jẹ́ kí ánóòdù wọn pọ́n díẹ̀.