Bomubomu kì í mú wàrà kan

Ní ìparí ọdún, tí epo bá ti gbóná nínú agbada ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin), tí wàrà sì ti ń han ṣàà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé pé ewé kíkan ni àwọn Fúlàní ń fún sínú rẹ̀ kó tó dì. Àlàyé náà rọrùn, ó sì dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bomubomu ni ewé náà ń jẹ́, kì í sì í kan. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan oje rẹ̀ (kí ẹnikẹ́ni má dán an wò) kíkorò ni yóò bá níbẹ̀. Wàrà tó kan wà lóòótọ́, òun ni wọ́n ń bù lé dẹ̀gẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi hóró ọkà wẹ́wẹ́ ṣe. Ìyẹn kò nílò ewé kankan. A gbé e kalẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó kan, ó ki. Wàrà tí à ń dín kò gba ọ̀nà yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí wọ́n fún lára màlúù àti fún ohun tó dì tí à ń gé sínú ọbẹ̀, èyí sì lè da àlàyé rú. Nítorí náà, èyí tó ṣì ń ṣàn ni a ó máa pè ní wàrà tútù níhìn-ín. Tí a bá ní wàrà lásán, èyí tó ti dì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́ ń pè é ní wàgàṣì, pàápàá àwọn tó ń rà á lọ́jà Ouando. Ní Ṣábẹ (Savè), wàrà ni wàrà ń jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fún màlúù kò le, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìdí ìkòkò ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá Fúlàní tó ń ṣe wàrà ní àwọn abúlé tó yí Ṣábẹ ká á gbé wàrà tútù kaná. Á gún ewé bomubomu mélòó kan, á fi wàrà tútù díẹ̀ pò ó, á sẹ́ ẹ, á sì da èyí tó ṣàn padà sínú ìkòkò. Á rò ó díẹ̀, á wá fi í sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ohun tó ń ṣàn bí omi yóò fi ki, tí yóò dì wọ̀ọ̀ bí ẹ̀kọ tó ń tutù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀kọ ni pé iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń sún mọ́ híhó, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á ya sọ́tọ̀, èyí tó dì á léfòó. Ìyá á fi ìgbákọ kó o sínú agbọ̀n kékeré, omi á ro dànù, ohun tó kù á mú àwòrán agbọ̀n náà.

Láàárín dídà oje ewé àti fífọ́ yẹn ni ohun tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Tí a bá pín wàrà tútù sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 jẹ́ omi. Nínú ìyókù ni ọ̀rá, ṣúgà àti amúaradàgbà wà. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 amúaradàgbà inú wàrà màlúù ló jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní casein, òun ló sì ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tíńtìntín tó léfòó káàkiri inú omi náà. Lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yìí àti ọ̀rá ni ìmọ́lẹ̀ ń ta sí tó fi jẹ́ pé funfun ni a ń rí. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ní irun lára, irun náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè mọ́ra wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Kétu, níbi tí wọ́n ti mọ ohun tí ìdí ńlá ń ṣe. Kí àwọn ìyá wa má bínú: ẹ fojú inú wo ojú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ (èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé), ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé eégún ẹgbẹ̀rún ló wà lójú agbo kan ṣoṣo. Oníkálukú ti di aṣọ mọ́ ìdí títí ó fi yọ gọngọ, ó ti so ọmú igi mọ́ àyà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń yípo, àmọ́ kò sí bí méjì ṣe lè fara kan ara. Ìdí ẹni yìí á ti ti ìdí ẹni kejì dànù kí àyà wọn tó súnmọ́ra. Bí wàrà tútù ṣe rí nìyẹn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìdì, nítorí pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ló di ìdí.

Nígbà náà ni télọ̀ kan wọ agbo pẹ̀lú ṣísọ́ọ̀sì. Oje bomubomu ni télọ̀ náà. Ohun tó wà nínú oje yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa gé amúaradàgbà lọ. Kò da nǹkan kíkan kankan sínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kì í di wàrà. Ó kàn ń gé ìdí aṣọ kúrò lára eégún kan, ó bọ́ sọ́dọ̀ èkejì. Àwọn tí ìdí wọn ti já bọ́ kò ní ohun tí yóò dá wọn dúró mọ́, wọ́n sún mọ́ra, kálísíọ̀mù inú wàrà tútù sì so wọ́n lọ́wọ́ pọ̀. Mẹ́ta di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ọgọ́rùn-ún, títí gbogbo agbo fi di ara kan. Àwọn ọmọdé tó ń sá kiri láàárín ẹsẹ̀ àwọn eégún há síbẹ̀: àwọn ni ọ̀rá. Onílù pàápàá kò ríbi jáde. Wọn kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá télọ̀ náà mọ́, torí tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́... Ó yẹ ká padà sídìí ìkòkò kí àfiwé yìí má baà jóná mọ́ wa lọ́wọ́.

Télọ̀ yìí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá gé ìdí aṣọ tán, ara eégún ló kàn. Bí ewé bá pọ̀ jù, tàbí tí iná bá falẹ̀ jù, á máa gé amúaradàgbà sí kéékèèké, lára àwọn ègé kéékèèké yẹn sì ni adùn búburú ti ń wá. Ìdí nìyí tí wàrà kan fi máa ń korò lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun. Iná ló ń bá ìyá Fúlàní dá a lẹ́kun. Ooru tó súnmọ́ híhó ń ba ẹ́ńsáìmù náà jẹ́ pátápátá. Iná kan náà tó ń mú wàrà fọ́ kúrò lára omi ni ó ń pa télọ̀. Nínú gbogbo ètò yìí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù: kò sí ẹni tó ní láti yọ oje ewé jáde, kò sí aago, kò sí òṣùwọ̀n, iṣẹ́ sì parí nígbà tó yẹ. Àwọn òyìnbó tó ń fi oje inú ikùn ọmọ màlúù ṣe wàràkàṣì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ooru gidigidi, torí pé oje yẹn kò lè fara da iná tó bomubomu.

Kí ló dé tí wàrà kì í yọ́ nínú epo nígbà tí wàràkàṣì Faransé ń yọ́ lórí búrẹ́dì? Ọ̀rọ̀ kíkan tún ni, àmọ́ lódì sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nídìí agbada. Ọ̀pọ̀ wàràkàṣì tó ń yọ́ ni wọ́n ti mú dì tán kí wọ́n tó jẹ́ kó kan díẹ̀díẹ̀. Kíkan náà ń tú kálísíọ̀mù sílẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú ń rọ̀, tí ooru bá sì débẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn. Wàrà tiwa kò kan, ọwọ́ kò tú. Yàtọ̀ sí èyí, iná tó pa télọ̀ ti mú kí àwọn amúaradàgbà mìíràn tó wà nínú omi náà gan sára àwọn tó ti dìpọ̀. Irú rẹ̀ wà ní erékùṣù Kípírù, halloumi ni wọ́n ń pè é, inú omi ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀ ọ́, òun náà kì í sì í yọ́ tí wọ́n bá ń dín in. Àwọn méjèèjì ló máa ń dún kín-ín-kín-ín mọ́ eyín.

Igi bomubomu fúnra rẹ̀ tó ìran wò. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ń hù sí, lórí ilẹ̀ tí kò dára fún nǹkan mìíràn. Tí ọyẹ́ bá dé, tí gbogbo koríko pọ́n, òun ṣì tutù yọ̀yọ̀. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́, nítorí oje funfun rẹ̀ ní oró, ó sì lè ba ojú ènìyàn jẹ́. Ewé tí màlúù sá fún ló wá ń mú wàrà tútù màlúù dì. Àbùkù ètò náà ni pé kò sí ewé méjì tí agbára wọn dọ́gba. Ọwọ́ ìyá nìkan ni òṣùwọ̀n, ọmọ tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ ní láti ba ìkòkò mélòó kan jẹ́.

Ti àwọ̀ pupa tó máa ń wà lára wàrà kò gba àlàyé púpọ̀. Èèpo pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n ń bọ̀, ìgbà mìíràn wọ́n á fi kán-ún sí i kí ó lè pọ́n dáadáa. Apigeninidin ni orúkọ ohun pupa tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń gbé wàrà wá sí Àjàṣẹ́ láti òkè ń tún un sè lemọ́lemọ́ nínú omi iyọ̀, híhó yẹn ló sì ń dènà kó bàjẹ́ lọ́nà.

Ìgbà ọdún ni ètò yìí máa ń há jù. Oṣù Ọ̀pẹ ni gbogbo ilé ń wá wàrà: Kérésìmesì wà níbẹ̀, ọdún tuntun tẹ̀ lé e, ìsinmi àwọn onísìn ìbílẹ̀ sì tún wà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni koríko gbẹ, tí màlúù ń rìn jìnnà kí ó tó rí jẹ, tí ọmú rẹ̀ kò sì kún bíi ti ìgbà òjò. Ká ní àwọn ẹran náà mọ kàlẹ́ńdà, oṣù Òkúdù ni à bá máa ṣe Kérésìmesì. Ọyẹ́ ṣe oore kan ṣá: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lára wàrà tó wà lórí àtẹ, ara rẹ̀ á le, kì í tètè yọ̀ bó ṣe ń yọ̀ lásìkò òjò.

Wàrà tó gbẹ báyìí ló dára jù fún agbada. Ibi tó bá tutù lára rẹ̀ á máa ta epo sí ojú, á sì pẹ́ kó tó pọ́n, torí epo ní láti kọ́kọ́ lé omi jáde. Ẹ nù ún, ẹ gé e nípọn tó ìka méjì, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i torí ó ti jẹ iyọ̀ lọ́jà, kí ẹ sì jẹ́ kí epo gbóná dáadáa kí ègé àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ má yí i títí yóò fi yọ fúnra rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ agbada. Èèpo pupa tó bá dì mọ́ ọn lára ni yóò di ojú rẹ̀ mú, tí yóò sì jẹ́ kó mu ọbẹ̀ ata láìtú. Ní Ṣábẹ, iyán ni wọ́n ń gbé e tì. Ní Àjàṣẹ́, ó lè jẹ́ àmíwọ̀, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò. Èyí tó bá sì sùn mọ́jú nínú ọbẹ̀ ló máa ń dùn jù, tí àwọn ọmọ bá jẹ́ kó kù.