Ṣé ọpọlọ ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù ni?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọpọlọ ló ń pàṣẹ, tó bá ní "lù" ọkàn á lù, tó bá ti panu mọ́ ọkàn dákẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, bíi èyí tí dókítà Christiaan Barnard kọ́kọ́ ṣe ní Cape Town lọ́dún 1967. Tí wọ́n bá yọ ọkàn, gbogbo náàfù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, tó so ó mọ́ ọpọlọ ni wọ́n máa ń gé, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń rán padà, wọn kì í rán náàfù. Síbẹ̀ ọkàn yẹn á máa lù láyà tuntun tọ̀sántòru, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló wá ń pàṣẹ fún un?

Òun fúnra ẹ̀ ni. Nínú yàrá òkè lápá ọ̀tún ọkàn, ibì kékeré kan wà táwọn dókítà ń pè ní SA node, ibẹ̀ ni iná kékeré ti ń ṣẹ́ wá láìsí pé ẹnì kankan tàn án. Téèyàn ò bá dá sí i, á lù tó bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, bíi 60 sí 80 ló sábà máa ń jẹ́? Náàfù vagus, tó ti inú ọpọlọ wá dé ọkàn, ló ń fa ìjánu ẹ̀. Ibi tó wù mí jù nìyí, torí a máa ń rò pé ńṣe ni ọpọlọ ń ti ọkàn síwájú, dídá ló ń dá a dúró! Tẹ́rù bá bà ẹ́ tàbí tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, vagus á kọ́kọ́ dẹ ìjánu, lẹ́yìn náà làwọn náàfù tó ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn bọ̀ á gún un ní kẹ́sẹ́. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún ò ní èyí níbẹ̀rẹ̀, tó bá ń gun àtẹ̀gùn ó dìgbà tí adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde tẹ́rù bá bà wá tàbí tá a bá ń sáré, bá gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkàn kó tó yára.

Èémí ni ọpọlọ ń pàṣẹ fún ní tòótọ́. Tí ọpọlọ bá kú, mímí dúró, oxygen tán nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn náà á wá dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ń bá aláìsàn mí, ọkàn lè ṣì máa lù nígbà tí ọpọlọ ti kú pátápátá, ó sì máa ń dùn mí gan-an táwọn ẹbí bá rí i tí ọkàn ń lù lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n wá rò pé ọpọlọ ṣì wà láàyè.

Fi ìka kan ọrùn ọwọ́ ẹ níbi tí iṣan ti ń sọ. Fa èémí sínú dáadáa, á yára díẹ̀, wá rọra tú u jáde, wàá rí i tó ń falẹ̀, pàápàá tó o bá ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Vagus lo fọwọ́ kàn yẹn, tó ń dẹ ìjánu tó tún ń fà á.