Air fryer ò dín nǹkan rí

Ọdún Kérésì kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé air fryer wálé sí Kàbà láti Àbújá. Wọn ò tíì tú u kúrò nínú páálí tí wọ́n ti ń polówó ẹ̀ fún Màámi: "Màámi, wàhálà òróró ti tán. Afẹ́fẹ́ ló fi ń dín nǹkan." Màámi, tí dókítà ti kìlọ̀ òróró fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ọ̀kun o, ọmọ mi."

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Òrùka àlùbọ́sà ló ń wù mí jẹ. Mo po fúláwà mọ́ ẹyin àti omi títí ó fi ki bí ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dín àkàrà, mo ri àlùbọ́sà bọ inú ẹ̀, mo kó o sínú agbọ̀n air fryer láì kán òróró kankan sí i. Ṣebí afẹ́fẹ́ ló ń dín in. Nígbà tí mo fà á jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12, fúláwà ti jò gba ojú ihò agbọ̀n, ó ti le mọ́ ìsàlẹ̀ bí ẹ̀kọ tó gbẹ sídìí ìkòkò. Èyí tó ṣẹ́ kù sára àlùbọ́sà funfun bí ẹfun, ó sì ń bọ́ sílẹ̀ ní èépá-èépá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ayédèrú kọ́. Orúkọ ẹ̀ ló tàn wá.

Ohun tó wà nínú àpótí yẹn ò ju méjì lọ: wáyà tó ń pọ́n lókè bíi ti sítóòfù oníná, àti fáànù tó ń fẹ́ ooru wáyà náà yí oúnjẹ ká kíkankíkan. Ààrò kékeré ni. Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé e jáde lọ́dún 2010 níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ kan ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Airfryer. Orúkọ yẹn dùn lẹ́nu ọlọ́jà débi pé gbogbo ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ lé wọn ló ń fi pe tiwọn. Ká ní "ààrò alátẹ́gùn" ni wọ́n pè é ni, bóyá fúláwà mi ì bá má jò. Àwa náà mọ̀ ṣáá pé dùǹdú kì í ṣe iṣu sísun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu ni méjèèjì.

(Àwọn kan tún ní ìtànṣán rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Wáyà gbígbóná ni o, bíi ti áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń lọ aṣọ.)

Ẹ lọ dúró ti alákàrà láàárọ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí òróró ń ṣe. Bó bá ṣe da ẹ̀wà sínú agbada, ṣàà! lẹ máa gbọ́, ìfófó á sì bo àkàrà náà yíká. Ọ̀pọ̀ wa rò pé òróró ló ń hó yẹn. Omi inú ẹ̀wà ni. Ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lomi ti ń hó, òróró dídín sì máa ń wà ní nǹkan bí 180, ni omi bá ń di oru, ó ń sá jáde. Òróró ti yí àkàrà ká lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ á ti dì kó tó ráyè tú ká. Nínú air fryer, kò sí ohun tó gbé fúláwà ṣíṣàn dúró. Kí ooru tó mú un dáadáa, ó ti jò lọ.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: ṣebí air fryer náà ń gbóná dé 200? Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ń yan kéèkì máa ń na ọwọ́ sínú ààrò tó gbóná tó 180, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sì bó o lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òróró tó gbóná bẹ́ẹ̀ ta sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Afẹ́fẹ́ ò mọ ooru gbé bí òróró. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ inú air fryer fi nílò òróró díẹ̀ lára, kó lè bá afẹ́fẹ́ gba ooru wọ inú fúláwà, kó sì pọ́n. Láìsí i, fúláwà á kàn máa gbẹ ni, á funfun bí èyí tí mo ṣe.

Ṣíbí ìjẹun méjì tó fún àwo kan. Ìyẹn kéré gan-an sí ìdajì lítà tá à bá dà sínú agbada, nítorí náà Màámi jèrè. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" yàtọ̀ sí "rárá," ẹlẹ́jẹ̀ ríru sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ iyọ̀ àti mágí, tí air fryer kò lè bá a yọ kúrò.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Nínú àlùbọ́sà tí wọ́n ń kó wá láti Sókótó, Kẹ́bì àti Kánò, mo máa ń ṣa èyí tó tóbi tó ìkúùkù, tó le, tí orí ẹ̀ ò tíì hù. Mo ń gé e kó nípọn tó ìka ọmọńdinrín, mo sì ń tú òrùka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awọ kan wà nínú òrùka kọ̀ọ̀kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, tó ń yọ̀. Ẹ bó o kúrò. Òun ló máa ń jẹ́ kí àlùbọ́sà fà jáde lódindi nígbà tẹ́ ẹ bá gé e jẹ, tí ẹ̀wù ẹ̀ á ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ lófìfo. Ó gba sùúrù, àmọ́ n kì í fò ó.

Mo máa ń fi aṣọ tó mọ́ nu omi ara wọn. Lẹ́yìn náà abọ́ mẹ́ta: fúláwà gbígbẹ, ẹyin lílù, àti búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti sá tó gbẹ, tí mo sì gún. Tí búrẹ́dì bá jẹ́ ife mẹ́ta, mo ń fi ife gààrí kíkúnná kan sí i, torí gààrí ti yan tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ́ kó ró lẹ́nu bí ìpékeré. Inú abọ́ kẹta yìí ni òróró ń lọ, pẹ̀lú ata gígún àti iyọ̀ ṣín-ń-ṣín. Ẹ fi ọwọ́ ra á títí ó fi dà bí iyanrìn tí ìrì sẹ̀ sí. Fúláwà, ẹyin, búrẹ́dì, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kó lè lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tan air fryer fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 200. Ẹ to òrùka sí ẹsẹ̀ kan péré. Tẹ́ ẹ bá kó wọn lé ara wọn, oru wọn á bo ara wọn, wọ́n á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ìṣẹ́jú 10 ló ń gbà, mo ń yí wọn padà ní ìkẹfà. Iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ air fryer ń jẹ tó wọ́ọ̀tì 1,500. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e, ẹ má dán an wò.

Ọbẹ̀ tí a ń tì í bọ̀ kò le: ṣíbí mayonnaise mẹ́rin, ṣíbí kékeré yájì kan lọ́wọ́ onísùúyà, ata rodo kan àti aáyù kan tí a gún pọ̀, àti omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi í sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ata lè wọ̀ ọ́. Yájì ni mo gbóríyìn fún jù níbẹ̀, nítorí ẹ̀pà àti ata ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbà kejì tí mo ṣe é, Màámi jẹ márùn-ún, wọ́n wá kó ìyókù sínú kúlà, wọ́n dé e pa fún àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọn yóò fi dé, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Orí asẹ́ ni kẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ sí, láì dé e. Tó bá ti rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 180 á tún un ṣe.