Fáìlì nínú ẹnu ẹṣin: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú eyín ẹṣin nílùú Ọba

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹṣin ni. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, orí ẹ̀ ti wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tòògbé nínú mọ́tò, irin ti la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ gbàgà, ẹnì kan wá ti ọwọ́ bọ inú ẹnu yẹn títí dé ìgúnpá, ó ń fi fáìlì gígùn rin eyín ẹ̀yìn, ìró ẹ̀ dà bí ìgbà tí wẹ́ńdà ń rin irin géètì. Nílùú Ọba, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún ẹṣin tí olówó ẹ̀ bá ń tọ́jú dáadáa.

Eyín ẹṣin ò dà bíi tiwa. Tiwa, tó bá ti hù tán, ó parí. Ti ẹṣin gùn wọnú egungun lọ, eyín ẹ̀yìn ẹṣin ọmọ ọdún márùn-ún lè sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 10, àmọ́ díẹ̀ péré ló yọ síta, ìyókù wà nísàlẹ̀ bí owó àjọ tí wọn ò tíì kó. Lọ́dọọdún bíi mílímítà 2 sí 3 á yọ síta, koríko náà á sì jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí koríko ní nǹkan líle bí iyanrìn nínú. Ẹṣin tó wà ní pápá lè fi wákàtí 16 jẹko lóòjọ́, ẹ wá rò ó wò.

Àwa tí wọ́n fi ọlọ lọ ata níṣojú wa, kò yẹ kó ṣòroó yé wa. Àgbọ̀n òkè ni ọlọ, ti ìsàlẹ̀ ni ọmọ ọlọ, kì í kàn lọ sókè-sódò bíi ti ajá, ẹ̀gbẹ́ ló ń yí sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àgbọ̀n òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà eyín méjèèjì ò bo ara wọn délẹ̀, ibi tí wọn ò ti fara kanra á ṣẹ́kù, á mú bí abẹ. Ti òkè á mú níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti ìsàlẹ̀ níhà ahọ́n. Èyí tó ń jẹ koríko látàárọ̀ dalẹ́ máa ń yí àgbọ̀n dáadáa, ìyẹn ń dín in kù díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n tì mọ́lé tí wọ́n ń da ọkà fún kì í yí i jìnnà, ṣóńṣó yẹn á sì máa pọ̀ sí i. Ká má parọ́, àwa èèyàn la dá apá kan nínú wàhálà yìí sílẹ̀.

Ẹṣin kì í ké pé eyín ń dun òun. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé á kàn máa tu koríko tó ti jẹ rogodo-rogodo sílẹ̀, tàbí kí odidi ọkà máa jáde nínú ìgbẹ́ ẹ̀, tàbí kó máa rù láìnídìí. Tí ọyún tó ń rùn bá ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, eyín òkè lẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí gbòǹgbò ẹ̀ wà nínú ihò egungun tó so mọ́ imú. Òmíràn á máa ju orí sókè-sódò tí wọ́n bá ti fa ìjánu. (Ẹṣin tó ń jurí bẹ́ẹ̀ ní Ọjúde Ọba n'Íjẹ̀bú, tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé ó ń fẹlá, ó lè jẹ́ pé ẹnu ló ń ro ó.)

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré mú fáìlì. Á kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ orí ẹ̀ àti ohun tó ń jẹ, á fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níta, á gbóòórùn ẹnu, á ṣí ètè wo eyín iwájú. Eyín iwájú yẹn náà làwọn tó ń ta ẹṣin máa ń wò: tó bá ti ń lọ sí ọmọ ọdún 10, ìlà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára eyín iwájú òkè tó wà ní kọ̀rọ̀, tó bá fi máa pé 20 ìlà yẹn á ti gùn dé ìsàlẹ̀. Kò péye tó bẹ́ẹ̀ ṣá, ẹ má fi búra.

Tó bá gba abẹ́rẹ́, dọ́kítà ẹranko ló ń fún un, sínú iṣan ọrùn, detomidine, oògùn tó ń mú ẹṣin tòògbé, ló wọ́pọ̀, wọ́n sì máa ń fi butorphanol, oògùn ìrora, kún un. Kò ní pẹ́ tí orí á fi wálẹ̀ tí ẹsẹ̀ á yà, àmọ́ ó ṣì wà ní ìdúró. Wọ́n á gbé orí lé nǹkan, wọ́n á fi irin sí i lẹ́nu, irin yẹn ní àwo méjì tí eyín iwájú ń sinmi lé, tí wọ́n bá ń ṣí i á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Omi á fọ koríko kúrò, tọ́ọ̀ṣì á wà lórí, dígí kékeré lọ́wọ́. Àgbà ẹṣin ní eyín 36 sí 44, 24 nínú wọn ló ń lọ oúnjẹ, mẹ́fà-mẹ́fà ní ìlà mẹ́rin, eyín kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà: 106 ni àkọ́kọ́ nínú ìlà òkè apá ọ̀tún, 406 ni èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń rin ò ju ṣóńṣó etí eyín lọ, àti ìkọ́ tó máa ń hù níwájú eyín òkè àkọ́kọ́ tàbí lẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn. Ibí gan-an niṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àwọn kan gbà pé tí gbogbo eyín bá ti dán gbinrin, ó ti dáa nìyẹn. Irọ́ gbuu! Ọlọ tó bá ti dán kò lè lọ ata kúnná, wọ́n á ní ká fi òkúta líle gún un lójú kó lè tún rí ṣákiṣàki. Ojú eyín ẹṣin, nǹkan mẹ́ta tí líle wọn ò dọ́gba ló para pọ̀ dá a, ìyẹn ló fi ń rí gbágungbàgun fúnra ẹ̀, tẹ́ẹ bá wá rin ín dán, kí ni kó fi lọ koríko? Yàtọ̀ síyẹn, tí fáìlì bá wọlẹ̀ jù, ó lè kan ibi tí ẹ̀mí eyín wà. Ẹ̀rọ oníná ló léwu jù torí ó yára, ó sì ń gbóná, wọn kì í fi í dúró lójú kan ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, wọ́n á sì máa fi omi tù ú. Eyín tó bá ti ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ pátápátá, wọn kì í gé e tán lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni, oṣù mélòó kan á wà láàárín.

Torí ewu yìí ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà sọ́nà mẹ́ta níbẹ̀, lábẹ́ òfin iṣẹ́ dọ́kítà ẹranko ọdún 1966. Fífi fáìlì ọwọ́ rin ṣóńṣó, tàbí dídín èyí tí ò ga ju mílímítà 4 lọ kù, òfin ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ oníná àti yíyọ eyín kékeré tó máa ń wà níwájú eyín ẹ̀yìn, èyí tí ìjánu ń gbá, ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ tó sì yege ìdánwò ni. Yíyọ àwọn eyín ńlá àti èyíkéyìí tó gba iṣẹ́ abẹ, dọ́kítà nìkan. Nítorí náà, olówó ẹṣin tó gbọ́n máa ń bèèrè ìdánwò tí èèyàn yẹn yege kó tó jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn.

Ẹṣin kékeré, láti bí ọdún méjì ààbọ̀ sí márùn-ún, ló ń pàrọ̀ eyín, wọ́n máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún torí eyín ọmọdé lè há sórí èyí tó ń bọ̀. Ẹṣin yòówù tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́, ọmọdé tàbí àgbà, tí wọ́n bá parí, wọn ò ní fún un lóúnjẹ títí ojú ẹ̀ á fi là dáadáa, torí koríko lè há a lọ́nà ọ̀fun.

Arúgbó ẹṣin lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Tó bá ti kọjá ọdún 25 dáadáa, eyín tó kù nínú egungun ti ń tán, kò sí nǹkan tí fáìlì máa rin mọ́, àwọn míì á máa mì. Wọ́n á yọ èyí tó bá ti ń mì, wọ́n á dín koríko gígùn kù, wọ́n á wá rẹ oúnjẹ ẹ̀ sínú omi títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n á pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́.