Dúdú Orí Imú Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí

Mùsùlùmí tó bá ń kírun wákàtí márààrún n'Ílọrin, tó sì ń ṣe àlùwàlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń bu omi sójú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn lóòjọ́, a ò tíì ka ti ìwẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹ sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilé kéwú kí ẹ wo imú wọn: àwọn àmì dúdú kéékèèké yẹn wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà lórí imú ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ìgbà wo ló ráyè jókòó?

Irorẹ́ olórí dúdú là ń sọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní blackhead, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ olórí funfun. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ní i ni pé kì í fọjú dáadáa. Ìyá á ní kí ọmọ fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn bó o kúrò. Ọ̀rẹ́ á ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Ojú á pọ́n, á máa ta, á bó. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, dúdú náà ò kúrò lójú kan.

Inú awọ lọ̀rọ̀ wà. Irun wínníwínní hù sójú gbogbo wa, títí kan ojú obìnrin. Inú ihò ni irun kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, àpò tíńtín kan sì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, tó ń tú ọ̀rá sínú rẹ̀ kí awọ má baà gbẹ. Awọ tó tẹ́ inú ihò yẹn náà ń kú, ó sì ń ṣí, bí ti òde ṣe ń ṣí. Lára ẹlòmíràn, ọ̀rá á gbé òkú awọ yìí jáde láìsí wàhálà. Lára ẹni tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu, òkú awọ á lẹ̀ mọ́ra wọn, ọ̀rá á pọ̀ jù, àwọn méjèèjì á wá dì pa pọ̀, wọn á dí ihò náà. Ó lè tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí tó fara hàn lójú. Ìyẹn ni pé èyí tí ẹ rí nínú dígí láàárọ̀ yìí ti ń bọ̀ láti bí oṣù méjì. Kò sí ọṣẹ kan tó máa kó o lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kí ló wá sọ ọ́ di dúdú? Bí ẹnu ihò bá là, afẹ́fẹ́ á kàn án. Ọ̀rá àti mẹ́lánínì, ohun tó ń fún awọ wa láwọ̀, wà nínú ohun tó dí ihò náà, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di dúdú. Ẹ rántí iṣu tí a bẹ tí a ò tètè dà sómi: á dúdú lójú ara wa, kò sì sẹ́ni tó máa ní eruku ló bà lé e. Bó bá jẹ́ pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ihò, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, á sì funfun bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹnu ọ̀kan là, awọ bo ti èkejì. Ẹni tí dókítà bá bá yọ olórí dúdú kan jáde á rí i fúnra rẹ̀: orí rẹ̀ nìkan ló dúdú, bí ẹni fi bírò tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìdí rẹ̀ tó kù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìda.

Nítorí náà, bíbó ojú ò lè dé ibi tí ìṣòro wà. Òkè ló ń bó. Lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó), awọ ojú wà ní nǹkan bíi 5. Ọṣẹ tí a fi eérú sè sábà máa ń kọjá 9. Lílò ó léraléra á fọ ọ̀rá tó ń dáàbò bo awọ dànù, awọ á sán, á sì máa yún. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi rẹ̀ kan púpọ̀, bí oòrùn bá sì pa ojú tí wọ́n fi í pa, ó lè jó o, kí ó fi àbàwọ́n tó máa wà fún oṣù bíi mélòó kan sílẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín náà ń ta awọ lásán ni. Ti gbígbé ojú sórí omi gbígbóná kí ihò lè ṣí, ihò awọ ò ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì. Bébà alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń fà ya lórí imú ń já orí rẹ̀ lásán, ìdí rẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ èyí kí ọ̀pọ̀ lè sinmi: àwọn àmì aláwọ̀ eérú tó tẹ́jú, tó bára dọ́gba, tó kún imú àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe irorẹ́ rárá. Ọ̀rá tó ń gba ọ̀nà rẹ̀ jáde ni. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fún un jáde lónìí, á tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ kò le, àmọ́ ó fẹ́ sùúrù. Ẹ fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tó rọ̀, kí ẹ fi ìka ọwọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ omi rẹ̀ gbẹ. Omi àlùwàlá ò pa ojú lára. Ọṣẹ ni kí ẹ má lò ju ẹ̀ẹ̀mejì. Salicylic acid 2%, oògùn ìfisójú kan, ń yọ́ nínú ọ̀rá, ìdí nìyẹn tó fi lè wọ inú ihò lọ bá ohun tó dì. Èyí tó lágbára jù ú lọ fún irorẹ́ olórí dúdú àti funfun ni jẹ́ẹ̀lì adapalene 0.1%, tó ń dá òkú awọ lẹ́kun kó má lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ẹ má fi àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni kí ẹ fi adapalene sí, kí omi àlùwàlá má baà fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ jẹ́ kí ojú gbẹ fún 20 ìṣẹ́jú. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó gbogbo ojú. Ẹ tọ́ ọ sí iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n, kí ẹ wá fi ìka tàn án ká. Ẹ má jẹ́ kó dé igun ojú, igun imú àti ètè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa tọ́ ọ sórí ibi tó rí dúdú nìkan, nígbà tí èyí tó máa yọ lóṣù méjì sí i wà lábẹ́ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa fi í ní alẹ́ kan, kí ẹ fo méjì. Bí ojú bá gbà á, ẹ sọ ọ́ di alẹ́ kan bẹ́ẹ̀, alẹ́ kan bẹ́ẹ̀ kọ́, títí á fi di alaalẹ́. Ojú lè gbẹ, irorẹ́ sì lè pọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì, tí wọ́n á ní oògùn náà ò bá àwọn lára mu. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni kí ẹ fún un. Ní ọ̀sán, ẹ fi kíríìmù tó ń gba oòrùn dúró sójú, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 ó kéré tán sí lára. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ lo adapalene. Kí ó béèrè oògùn míì, azelaic acid, lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ fún olórí funfun jáde láéláé. Kò lẹ́nu tó lè gbà jáde, nítorí náà inú ló máa bẹ́ sí. Á wú, á gba ọyún, bó bá sì san, àpá dúdú á dúró sójú fún oṣù.

Ohun tó kù ni ohun tí ń dí ihò láti òde. Irorẹ́ tó tò síbi tí irun ti pàdé iwájú orí sábà máa ń wá láti ara ìpara irun tó ṣàn sílẹ̀. Ẹ máa fọ aṣọ tí ẹ ń wọ̀ sábẹ́ híjáàbù, àti inú fìlà, nítorí òógùn àti fífaragbò ń bà á jẹ́. Nígbà ọyẹ́, òróró àgbọn àti òrí tí wọ́n ń pa sójú kitikiti lè dí ihò ẹni tí ojú rẹ̀ lọ́ràá. Ẹ fi òrí sí gìgísẹ̀ àti ìgúnpá, kí ẹ wá ìpara tó fúyẹ́, tí wọ́n kọ non-comedogenic (kì í dí ihò awọ) sí lára, fún ojú. Ti kíríìmù tí wọ́n ń pò fún ni nínú rọ́bà lọ́jà láti fi pọ́n, tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn ni ká bẹ̀rù jù. Clobetasol tàbí betamethasone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú irorẹ́ wẹẹrẹ tó rí bákan náà sú sójú àti àyà. Ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ kó má dá a dúró lójijì, kó lọ bá dókítà awọ ara. Kí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò dọ́gba, tí irùngbọ̀n sì ń hù fún, náà lọ. Họ́mónù lè wà nídìí tirẹ̀.

Bí ojú bá mọ́ tán, ẹ má tíì ju adapalene sẹ́yìn. Ẹ dín in kù sí alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, torí pé àwọn ihò yẹn ò yé tú ọ̀rá.