Kí ni "àfihàn abájọ"?

Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "interpretive exhibit": àfihàn tàbí pátákó tó ń jẹ́ kí ohun tí àlejò wá wò yé e, kó mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní "ìfihàn ìntápírẹ́tíìfù". Mo ti rí "àfihàn ìtumọ̀". Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni "àfihàn ògbufọ̀". Ògbufọ̀ kẹ̀? Ẹni méjì tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ló ń wá ògbufọ̀, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Erédò Súngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, nǹkan bí 160 kìlómítà, kò sọ ohunkóhun tí a óò bá a túmọ̀. Yàrà ni. Àlejò á dé etí rẹ̀, á ní "Gbogbo ẹ̀ náà rèé?", á sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Orúkọ tí mo mú ni àfihàn abájọ, n kò sì ní yẹ̀ lórí ẹ̀. Olùkọ́ èdè kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní abájọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, pé igbe ẹnu lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́léósinmi ńkọ́? Odindi gbólóhùn ni, láràárọ̀ la sì ń mú ọmọ wa lọ síbẹ̀. "Ìdí abájọ" ńkọ́, tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà? Ohun tí a tìtorí ẹ̀ ṣe àfihàn yìí ni kí àlejò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "Abájọ!" Orúkọ wo ló tún bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ wo ìyá onígàrí ní ọjà Òkè Ajé. Kò kọ "gàrí kíkan" sórí páálí kó jókòó tì í. Ó bu díẹ̀ sí yín látẹ́lẹwọ́: "Ẹ tọ́ ọ wò." Ẹ jù ú sẹ́nu, ó ń ró lábẹ́ eyín, itọ́ bo ẹnu yín. Ìgbà yẹn ló tó sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ náà fi wà nínú àpò lábẹ́ òkúta kó tó dé inú agbada. Abájọ! Freeman Tilden, ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1957, ti là á kalẹ̀ fún àwọn ọgbà ìjọba wọn pé títo ìmọ̀ sílẹ̀ nìkan kọ́ niṣẹ́ yìí, ká ta èèyàn jí ni.

Pátákó etí Erédò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti "Erédò jẹ́ odi àtijọ́". Kó ní kí àlejò dúró sísàlẹ̀ yàrà, kó gbójú sókè. Láwọn ibì kan, ó tó 20 mítà. Kó tó wá sọ pé erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú yàrà náà ni wọ́n kó jọ sí apá inú, tó fi di òkìtì. Bí ilẹ̀ ṣe ń jìn ni odi ń ga. Àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń ka 3, 30, 3: ìṣẹ́jú àáyá 3 fún akọlé láti dá ẹni tó ń kọjá dúró, ìṣẹ́jú àáyá 30 fún kókó ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 3 fún ẹni tó bá fẹ́ kà á tán. Kí pátákó náà rẹlẹ̀, kó fẹ̀yìn tì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má dí ojú ohun tí èèyàn wá wò. Bóyá inú mùsíọ̀mù ni tàbí ìta gbangba, ọ̀kan náà ni.

Mo ti dúró níwájú pátákó kan rí níbì kan lágbègbè wa. Ó ga jù mí lọ, lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi ti ìwé òògùn, ọjọ́ àti orúkọ ìjòyè ló kún inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé kà á títí, ó wá yíjú sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èèyàn ló gbẹ́ ihò yìí àbí ilẹ̀ ló là fúnra ẹ̀?" Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ìdáhùn ìyẹn kò sí.